Ọwọ́ Ìyá Wa Lára Ògiri Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Agbo Ilé Ìsàlẹ̀,
Kétu,
Ọ̀nà Ìkòròdú.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àrìnkẹ́ ọmọ ìyá mi,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kó le? Ọyẹ́ ti dé sí Kétu, ètè gbogbo wa ti ń là, ṣùgbọ́n a wà láàyè, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń dárúkọ yín. Mo gbọ́ pé ọyẹ́ Kùmásì kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òrí pa àwọn ọmọ lára, kí ẹ sì fi díẹ̀ pa ara yín náà, nítorí mo mọ̀ yín: ẹ ó tọ́jú gbogbo ilé tán, ẹ ó wá gbàgbé ara yín.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo kà á lójú ọ̀nà, mo kà á délé, mo tún kà á nínú bọ́lẹ̀kájà lọ́jọ́ Mọ́ńdè títí ẹni tó jókòó tì mí fi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹ ní ẹ ó gbéra ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ní ọkọ yín béèrè pé kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe nílé nígbà tí a ti sin Ìyá wa kí tẹligíráàmù tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sì dá wọn lóhùn pé kì í ṣe òkú lẹ fẹ́ wá sin, pé ògiri kan wà tí ọwọ́ Ìyá wa wà lára rẹ̀, tí ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí. Ẹ wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ fa ìlà méjì sí i nídìí, pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́n mi, orí ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí. Mo ti jẹ̀bi. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú. Bó bá sì di pé ẹ ó bínú, ẹ gbé ìbínú náà wá sílé, ẹ má fi jókòó sí Kùmásì.

Ẹ mọ iṣẹ́ ilé pípa jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò sí nílé lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni Ìyá wa pa ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n lọ wa amọ̀ pupa ní ẹ̀bá odò lọ́nà Agbóyì. Wọ́n ṣa ẹlẹ́bọ́tọ lẹ́yìn àwọn màlúù tí àwọn Gàm̀bàrí ń dà gba Ọ̀nà Ìkòròdú, wọ́n gún ewé, wọ́n po gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú agbada fífọ́ yẹn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kó tó gbẹ ni wọ́n sì fi ìka mẹ́rin fà á. Ọwọ́ á gbéra nísàlẹ̀ lápá òsì, á yí gòkè, á sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún, ọrùn ọwọ́ á wá ta díẹ̀ ní ìparí bí ìgbà tí ènìyàn ń lé eṣinṣin. Òmíràn á gun ìdí ìyẹn, títí gbogbo ògiri á fi dà bí ìpẹ́ ẹja. Bí ọwọ́ bá ti gbéra ni ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń mí: hẹn. Ó rẹ̀ wọ́n lọ́dún yìí ju ti èṣí lọ, mo rí i, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo wà ní Sítáńdáàdì Tú, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà tí mo sì ń ka gbogbo nǹkan, títí kan ara páálí ìṣáná, mo bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n kọ sára ògiri. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Mi ò kọ nǹkan kan, Àyúbà. Mo kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde. Òun ni mo fi ń ya àwòrán títí di òní.

Ẹ mọ̀ pé àdàkọ ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n á gbé máàpù fún mi, màá tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ń là kọjá lé e lórí, màá sì tọ ìlà tí ẹlòmíràn ti fà. Bí ìlà tèmi bá fi ìwọ̀n irun orí kan yà, ọ̀gá á ní kí n ya á dànù kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Màá tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, màá da ọ̀dà sí i, màá mú ìgbálẹ̀, tàbí òòyà tó ti ká eyín, tàbí ìyẹ́ adìẹ, màá sì jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ síbi tó bá ń lọ. Mi ò ya ènìyàn, mi ò ya igi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá wo pákó náà mọ̀ pé ẹnì kan gba ibẹ̀ kọjá, kó sì mọ̀ bóyá inú ẹni náà dùn, tàbí ó ń kánjú, tàbí àárò ẹnì kan ń sọ ọ́.

Ẹ kò ní rò pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Olúrántí ilé kejì, tí ẹnu wọn kò tíì rọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, dúró tì mí lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wo pákó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àyúbà, adìẹ ta ló tú nǹkan yìí?” Bàbá Kékeré náà, tí wọ́n ti di olórí ilé láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ, kò gbẹ́yìn. Wọ́n ní ó ṣe àwọn láàánú pé ẹni tó ń ya gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà fún òyìnbó kò lè ya ewúrẹ́ kan ṣoṣo fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ìyá wa nìkan ni kì í béèrè pé kí ni. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á na ọwọ́ sókè pákó láì jẹ́ kó kàn án, wọ́n á máa tọ ìlà náà lọ. Wọ́n á dédé dúró. Wọ́n á ní, “Ibí yìí, o dúró. Kí ló dé tó o dúró?” Òótọ́ ni, mo dúró níbẹ̀ lóòótọ́, bóyá ẹnì kan pè mí tàbí ẹ̀rù bà mí. Láti oṣù Kẹjọ tí wọ́n ti kú, mo ti ya pákó mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè ibi tí mo ti dúró. Àárò wọn ń sọ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kú, kí oòrùn tó kan àtàrí ni a ti sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Wọn kò ya fọ́tò rí láyé wọn. Ẹ rántí pé wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò lè jẹ́ kí ojú àwọn máa gbé inú àpótí ẹlòmíràn. Aṣọ wọn, a pín in fún àwọn tó tọ́ sí. Tẹ̀sùbáà wọn wà lọ́wọ́ Bàbá Kékeré. Ohun tó ṣẹ́ kù tí ènìyàn lè dúró níwájú rẹ̀ kó sì sọ pé Ìyá Àrìnkẹ́ rèé ni ògiri yẹn.

Bí mo ṣe ṣe é rèé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ìsìnkú, kí n tó lọ dúró de bọ́lẹ̀kájà láàárọ̀, mo dúró níwájú ògiri, mo ki ìka mẹ́rin bọ ojú ìka wọn. Ó bá a mu. Mo tọ̀ ọ́ gòkè, mo tọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ta ọrùn ọwọ́ ní ìparí bí wọ́n ṣe ń ta á. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n di ọwọ́ mi mú. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣe é. Ó wá di pé bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, ibẹ̀ ni mò ń lọ, màá di ojú, màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, màá tọ̀ wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́, pé ayàwòrán gbọ́dọ̀ mọ bí ọwọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń rìn. Irọ́ ni. Ṣe ni mo kàn fẹ́ kí wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé, tí mo ka ibi tí ẹ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú wo ògiri náà. Ọyẹ́ ti mú amọ̀ gbẹ, ọwọ́ mi sì ti lọ̀ ọ́. Gbogbo ojú ìka wọn ti tẹ́jú, ó ń dán bí ojú ọlọ tí a ti lọ ata lórí rẹ̀ fún ogún ọdún. Erùpẹ̀ pupa kún ìdí ògiri láti òpin kan dé òpin kejì. Òun ni mo ti ń gbá dànù ní àràárọ̀, tí mò ń sọ pé ọyẹ́ ọdún yìí léruku.

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo wá ṣe ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti lẹ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pọ̀, mo ti fi da gbogbo ògiri náà kọ, bó ṣe ga tó bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo fi abẹ́rẹ́ lu gbogbo ìlà rẹ̀ ní ihò. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Bàbá Kékeré lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Alápẹ̀rẹ̀, mo po amọ̀, mo pa ògiri náà ní tuntun, mo gbé pépà lé e, mo gbọn èédú lílọ̀ sí ojú ihò. Àmì dúdú tò sára ògiri, mo sì fi ìka mẹ́rin tọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan tó fi ìwọ̀n irun orí yà. Ọ̀gá mi ì bá ti yìn mí.

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé ní ìrọ̀lẹ́, amọ̀ ti gbẹ. Wọ́n dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ògiri yìí ń mọ́ sí i lójú àwọn, wọ́n sì sọ sí i pé, “Ìyá Àrìnkẹ́, o kú iṣẹ́ o,” bí wọ́n ṣe máa ń kí wọn ní gbogbo Iléyá. Wọ́n fi etí agbádá nu ojú. Ìyá Olúrántí náà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ọwọ́ òkú kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀yin náà ì bá má mọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ń gbé inú ilé yìí, mo sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Apá mi gùn ju tiwọn lọ, síbẹ̀ mo fi ìṣírò ká a kò kó lè yí bíi tiwọn. Ìlà náà ń bẹ̀rù. Gbogbo ibi tí àmì èédú wà ló ti dúró díẹ̀ kó tó lọ. Bí Ìyá wa bá na ọwọ́ sí i, wọ́n á sọ pé, “Ibí yìí, o dúró,” ẹgbẹ̀rún ìgbà. Mo wá ń rí yín lójú inú mi: ẹ ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ kò tíì bu omi mu, ẹ ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ẹ ń sunkún, ẹ ń ké pe Ìyá wa, ó sì jẹ́ pé ọwọ́ mi lẹ gbé ọwọ́ lé. Mi ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí n máa pa yín lẹ́nu mọ́ pé ẹ má sunkún mọ́. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí n rí yín wò mọ́ láyé mi.

Nítorí náà, lánàá ọjọ́ Sátidé, bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Kékeré, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé omi àti kànìnkànìn, mo fọ ògiri náà kúrò. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, “Ìyá kan ṣoṣo lo ní, Àyúbà, ẹ̀ẹ̀mejì lo sì sin ín.” Mo tún da omi sí i. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó ti di ògiri lásán, àwọn bíríkìlà tó ń bọ̀ wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú ilé lẹ́yìn ọdún tuntun á kúkú rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ìbínú yín ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ ti sọ fún ọkọ yín pé ògiri lẹ ń lọ wò, ògiri náà kò sì sí mọ́. Wọ́n lè béèrè pé kí lẹ tún ń wá lọ. Ẹ̀yin náà lè bi ara yín bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti rí yín kẹ́yìn. Bí ẹ ṣe ń rìn, bí ẹ ṣe ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ bíi ti Ìyá wa, mo ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀, mo sì fẹ́ tún rí i. Ẹ̀yin nìkan ló kù láyé tó lè pe orúkọ mi kí n yíjú bí ọmọ.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ lánàá tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Omi tí mo fi fọ ògiri pọ̀ jù. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá wa, èèpo amọ̀ kan tó fẹ̀ tó ìsàasùn ńlá ṣí kúrò, ó bọ́ sílẹ̀. Mo kígbe. Mo rò pé ògiri fẹ́ wó ni. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, ojú ògiri mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú ju ti òkè lọ, ìlà ìka sì wà lára rẹ̀ ketekete. Ìgbà náà ló tó yé mi pé Ìyá wa fúnra wọn kò tọ́jú ọwọ́ ara wọn pamọ́ rí. Bí Iléyá bá ti dé, wọ́n á pa tuntun lé ti èṣí lórí, wọn kì í bojú wẹ̀yìn. Ọdún lórí ọdún ló mú ògiri wa nípọn bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ ọdún tí èyí jẹ́. Ìlà ńlá mẹ́ta ló hàn, tí ọrùn ọwọ́ ta ní ìparí wọn. Lábẹ́ wọn, níbi tó ga tó orúnkún mi, ìlà kéékèèké méjì wà. Ìka mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ ló fà wọ́n. Ó gbéra lápá òsì bí ti òkè, ó yí gòkè, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń ta ọrùn ọwọ́, ló bá yọ̀ ṣòòrò lọ sílẹ̀ ní ìparí. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Wọn kò gbà kí ọkùnrin ilé yìí tọwọ́ bọ amọ̀ náà rí, ẹ̀yin ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá wa sì bí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ nínú omi. Ọwọ́ mi fẹ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ́ kàn án gan-an. Mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, mo fi ẹní bo ibẹ̀, mo sì kúrò.

Ẹ máa bọ̀. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ògiri náà wà. Ìyá wa wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ jọ dúró. Ẹ wá bá ara yín nílé. Ìyókù ògiri ti wà ní òfìfo, ẹ̀yin lẹ mọ ewé tí wọ́n ń gún, ẹ̀yin lẹ ga tó wọn, apá yín sì gùn mọ bíi tiwọn. Màá pọn omi, màá wa amọ̀, màá jókòó síbi tí ẹ bá ní kí n jókòó sí. Kí sìmẹ́ńtì má ṣáájú yín dé, mo bẹ̀ yín.

Ọlọ́run á mú ọ̀nà rọrùn fún yín. Ẹ kò ní pàdé aburú lójú omi, ẹ kò ní pàdé rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọjà ọkọ yín á tà, ara àwọn ọmọ á le, Ọlọ́run á fi Alijánnà kẹ́ Ìyá wa, yóò sì jẹ́ kí àwa tó kù rí ara wa lójúkojú.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Àyúbà.

Mo ṣí lẹ́tà yìí padà láti fi èyí kún un: Bàbá Kékeré ká ẹní náà kúrò nígbà tí wọ́n ti ibi ìrun àsárì dé, wọ́n sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé àga wọn wá síbẹ̀, wọ́n sì ti jókòó tì í láti ìgbà náà, wọ́n ń lé adìẹ, wọ́n ń lé ọmọ. Ìgbà tí mo fẹ́ kọjá, wọ́n na ọ̀pá, wọ́n ní, “Ìwọ, gba ìta.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti àná rèé, inú mi sì dùn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ fún yín pé kí ẹ tètè máa bọ̀, ẹ̀yìn àwọn kò le tó èyí tí a fi ń ṣọ́ ògiri.